Èdídí, Èdìdì àti Kọ́ọ̀kì: Lámèyítọ́ lórí Ìtumọ̀ àti Orísun Ọ̀rọ̀ fún Ohun tí a fi ń Dí Ìgò Lẹ́nu

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ń di àjèjì lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà ni èdídí, tí í ṣe orúkọ ohun tí a ń kì bọ ẹnu ìgò, agbè tàbí àdó kí ohun inú rẹ̀ má baà dànù. Iṣẹ́ náà fi ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe àti ìtàn ohun èlò hàn pé èdídí kì í ṣe èdìdì, kì í ṣe ìdérí, kò sì yẹ kí kọ́ọ̀kì gba ipò rẹ̀ pátápátá. Ó tún ṣe àlàyé ewu tí ó wà nínú kíkọ èdídí àti èdìdì láìfi àmì ohùn sí wọn, pàápàá nínú ìwé ìlànà tí ó jẹ mọ́ ìlera. Ó gba àwọn olùkọ́ nímọ̀ràn lórí bí a ṣe lè fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kọ́ni ní kíláàsì.

1.0 Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún ènìyàn ni ó rí fún nǹkan. Ohun tí kò bá ní orúkọ tirẹ̀ nínú èdè kan, àlàyé gígùn ni àwọn elédè náà yóò máa ṣe kí wọ́n tó lè tọ́ka sí i. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, nǹkan náà a ní orúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀hún a ti wọnú orúkọ mìíràn lọ débi pé àwọn tí ń kọ èdè náà sílẹ̀ kò mọ èyí tí í ṣe èwo mọ́. Irú ìṣòro kejì yìí ni ó dé bá èdídí.

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àgbà lónìí pé kí ni Yorùbá ń pe ohun tí a fi ń dí ìgò lẹ́nu, ìdáhùn tí ó ṣeé ṣe kí ó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ni kọ́ọ̀kì. Èyí tí yóò tẹ̀ lé e ni ìdérí. Bí ó bá sì jàjà rántí èdídí, ó lè jẹ́ èdìdì ni yóò kọ sílẹ̀. Èrò mẹ́ta ni ó fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn ìdáhùn wọ̀nyí. Èkíní ni pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún nǹkan náà kí ìgò tó ti òkè òkun dé. Èkejì ni pé ìdérí nìkan tó fún gbogbo ohun tí ó bá ń wà ní ẹnu nǹkan. Ẹ̀kẹta ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni èdídí àti èdìdì, pé ìyàtọ̀ àmì ohùn lásán ni ó wà láàárín wọn. Iṣẹ́ yìí yóò yẹ àwọn èrò náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi ẹ̀rí hàn pé kò sí èyí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

2.0 Ohun tí Yorùbá ń Dí Lẹ́nu kí Ìgò tó Dé

Èrò àkọ́kọ́ ni ó rọrùn jù láti dá lóhùn. Òótọ́ ni pé òwò òkè òkun ni ó gbé ìgò wọ ilẹ̀ Yorùbá. Gíláàsì fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí pé iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi hàn pé wọ́n ń ṣe gíláàsì níbẹ̀ láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ ni àwọn àgbà Ifẹ̀ fi gíláàsì tiwọn ṣe, wọn kò fi rọ ìgò. Bí ó bá jẹ́ pé ìgò nìkan ni ó ń fẹ́ ohun tí a ó fi dí i lẹ́nu, àwọn tí wọ́n ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún un ì bá jàre.

Àmọ́ agbè ti wà kí ìgò tó dé. Akèrègbè wà, kèǹgbè wà, àdó sì wà. Gbogbo wọn ni wọ́n ní ọrùn àti ẹnu tóóró, gbogbo wọn ni a sì ń kì nǹkan bọ̀ lẹ́nu. Adẹ́mu a máa fi ewé dí ẹnu akèrègbè rẹ̀ kí oyin àti eṣinṣin má baà kó sínú ẹmu. Ọgbọ́n wà nínú pé ewé ni ó ń lò. Ẹmu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá kì í dákẹ́, ó máa ń hó, afẹ́fẹ́ a sì máa jáde láti inú rẹ̀. Bí a bá dí ẹnu ohun tí ẹmu wà nínú rẹ̀ pinpin, afẹ́fẹ́ náà lè ti ohun tí a fi dí i sókè, ó sì lè fọ́ ohun èlò náà. Ewé ń dènà eṣinṣin, ó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà gbà.

Ọ̀rọ̀ àdó olóògùn kò rí bẹ́ẹ̀. Àgúnmu tàbí ẹ̀tù ni ó sábà máa ń wà nínú àdó, ọ̀tá irú òògùn bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rinrin. Nítorí náà, ohun tí ó le, tí ó sì ṣe déédéé ẹnu àdó ni a ń fi dí i. Nígbà tí ìgò wá dé, àwọn alágbàtà epo pupa àti kẹrosíìnì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọgbọ́n tuntun kiri. Ṣùkù àgbàdo, ewé tí a ká tàbí àkísà tí a wé ni wọ́n ń kì bọ ìgò lẹ́nu. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo nǹkan wọ̀nyí ń ṣe, orúkọ kan ṣoṣo sì ni ó kó wọn pọ̀: èdídí ni wọ́n. Ewé ni ohun tí ó wà lẹ́nu akèrègbè, ṣùkù àgbàdo ni èyí tí ó wà lẹ́nu ìgò epo, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́, èdídí ni àwọn méjèèjì.

Kókó yìí ṣe pàtàkì. Iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ni Yorùbá fi sọ ọ́ lórúkọ. Kò fi ohun tí a fi ṣe é sọ ọ́.

3.0 Dé, Dí àti Dì

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí Yorùbá ń lò fún mímú kí ojú tàbí ẹnu nǹkan má wà ní ṣíṣí pọ̀. A ń ti ilẹ̀kùn, a ń pa ìwé dé, a ń sé omi, a sì ń bo àṣírí. Mẹ́ta ni ó kan iṣẹ́ yìí, ìrísí wọn lójú ìwé sì jọra gan-an. Àwọn ni dé, dí àti dì.

Dé ni ti ohun tí a gbé ka orí nǹkan láti òkè. A ń dé fìlà, ọba ń dé adé, a sì ń dé ìkòkò. Láti ara dé orí ni a ti rí ìdérí. Ohun tí a dé kì í wọnú ohun tí a dé e lé. Orí rẹ̀ ni ó máa ń jókòó lé. Ìdí nìyí tí ìdérí ìkòkò fi tún ń jẹ́ ọmọrí.

Dí ni ti ohun tí ó wọnú àlàfo, tí ó sì kún un. Bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe ènìyàn, imú rẹ̀ a dí. Bí igbó bá hù sójú ọ̀nà, ọ̀nà náà a dí. Ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún, ọwọ́ rẹ̀ ni ó dí, nítorí pé kò sí àyè mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí iṣẹ́ mìíràn lè gbà wọlé. Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ni a ti rí ìdínà àti ìdílọ́wọ́. Àní dípò tí a ń lò lójoojúmọ́ kò jìnnà sí i: ẹni tí ó dípò ẹlòmíràn ti kún àlàfo tí onítọ̀hún fi sílẹ̀.

Dì ni ti ohun tí a so pọ̀ tàbí tí ó le papọ̀ títí tí kò fi lè tú. A ń di ẹrù, a ń ru ìdì igi, onídìrí sì ń di irun. Epo tí òtútù mú a máa dì. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí kan náà ni ó wà nínú àdììtú, èyí tí D. O. Fágúnwà fi sọ ìwé rẹ̀ Àdììtú Olódùmarè lórúkọ ní 1961. Ohun tí a dì, tí kò ṣeé tú, ni àdììtú. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti sọ fún ènìyàn pé tú ni ó takò dì.

Títakò yìí ni ọ̀nà tí ó dájú jù láti dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀ yàtọ̀. Kí olùkọ́ béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé: bí a bá fẹ́ dé inú ohun èlò náà, kí ni a ó ṣe sí ohun tí ó wà lẹ́nu rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé a ó ṣí i sókè ni, ìdérí ni. Bí ó bá jẹ́ pé a ó fà á yọ ni, èdídí ni. Bí ó bá jẹ́ pé a ó tú u tàbí kí a já a ni, èdìdì ni. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í pè mọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, èrò kejì, tí ó ní ìdérí tó fún gbogbo rẹ̀, ti ṣubú. Ènìyàn kò lè ṣí ṣùkù àgbàdo tí a kì bọ ẹnu ìgò. Ó ní láti fà á yọ.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níbí yìí o. Ènìyàn lè rò pé láti ara dí ni dití ti wá, nítorí pé lójú ẹni tí ó ń wò ó, etí adití dà bí etí tí a kì nǹkan bọ̀. Ohùn ọ̀rọ̀ náà kò gbà fún un. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn òkè kì í yí ohùn rẹ̀ padà bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀: dí ọ̀nà ni ó fún wa ní dínà. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ ni ó máa ń di olóhùn àárín ní irú àyíká bẹ́ẹ̀, bí a ti rí i nínú di ẹrù àti di irun. Ohùn àárín ni ó wà lórí sílébù àkọ́kọ́ nínú dití àti dijú. Nítorí náà, a kò lè fà wọ́n tọ dí lọ, bí ó ti wù kí ìtumọ̀ rẹ̀ fani mọ́ra tó. Èyí fi hàn pé ìtumọ̀ nìkan kò tó láti fi wá orísun ọ̀rọ̀. Ohùn gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i.

4.0 Ìṣẹ̀dá Èdídí àti Èdìdì

Èrò kẹta ní láti gba iwájú ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ kọjá. Ọ̀nà méjì ni ó ṣeé ṣe kí a gbà ṣẹ̀dá èdídí. Ọ̀nà kìíní ni pé kí a fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ è- kún ọ̀rọ̀-orúkọ dídí, tí a rí nípa àpètúnpè ẹlẹ́bẹ. Ọ̀nà kejì ni pé kí a pe ọ̀rọ̀-ìṣe dí lẹ́ẹ̀mejì lódindi pẹ̀lú ohùn rẹ̀, kí a tó fi àfòmọ́ è- kún un. Bí a bá wo èdídí nìkan, kò sí bí a ṣe lè mọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́, nítorí pé ohùn òkè tí ó wà lórí dí mú kí ọ̀nà méjèèjì bọ́ sí ojú kan náà.

Èdìdì ni ó ràn wá lọ́wọ́. Nínú àpètúnpè ẹlẹ́bẹ, ohùn òkè ni ó máa ń wà lórí sílébù àkọ́kọ́, ohùn yòówù tí ọ̀rọ̀-ìṣe náà ìbáà ní. Rà di rírà, jẹ di jíjẹ, dé di dídé, dì sì di dídì. Bí ó bá jẹ́ pé láti ara dídì ni a ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà, *èdídì ni à bá máa pè é. Yorùbá kì í pè é bẹ́ẹ̀. Èdìdì ni ó ń jẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ sì ni ó wà lórí gbogbo sílébù rẹ̀. Ìyẹn ni pé dì ni a pè lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ohùn rẹ̀, kí a tó fi è- kún un. Bí ìlànà èyí bá rí bẹ́ẹ̀ fún èdìdì, kò sí ìdí tí a ó fi rò pé ìlànà mìíràn ni ó bí èdídí. Ọ̀nà kan ni wọ́n gbà wáyé, ṣùgbọ́n ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó bí wọn.

Àfòmọ́ è- tàbí ẹ̀- náà kì í ṣe àjèjì. Òun ni ó wà nínú ètò láti ara tò, èrò láti ara rò, ẹ̀kọ́ láti ara kọ́ àti ẹ̀bẹ̀ láti ara bẹ̀. Ohun tí ó yẹ ní àkíyèsí ni pé dídí àti èdídí kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Dídí ni orúkọ ìṣe náà gan-an, bí a bá sọ pé dídí ọ̀nà kò dára. Èdídí ni orúkọ ohun tí a fi ṣe iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí láàárín dídì àti èdìdì.

Nígbà náà, kì í ṣe àmì ohùn lásán ni ó ya èdídí àti èdìdì. Àmì ohùn ni ó ń fi hàn pé ọ̀rọ̀-ìṣe ọ̀tọ̀ ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ti sọ pé nǹkan kan náà ni dí àti dì, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbà pé ẹni tí ó di ọ̀nà ni ó dí ẹrù.

5.0 Ibi tí Kọ́ọ̀kì ti Wá

Kọ́ọ̀kì jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ ní cork. Bí ó ṣe wọ Yorùbá kò ṣòro láti tọ̀. Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, nítorí náà fáwẹ́lì ì ni a fi kún ìparí rẹ̀. Fáwẹ́lì gígùn tí ó wà láàárín sì gba ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Ìlànà kan náà ni ó sọ fork di fọ́ọ̀kì. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ọgbọ́n orí sọ pé láti ara kì, bí a ti ń ki nǹkan bọ ihò, ni kọ́ọ̀kì ti wá, fọ́ọ̀kì yóò já a nírọ́, nítorí pé kò sí ohun tí a ń kì nínú ti fọ́ọ̀kì.

A kò sì lè sọ pé ọwọ́ àwọn Potogí ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ń ná ọjà ní etíkun wa tipẹ́ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó ní 1861. Rolha ni Potogí ń pe èdídí ìgò, cortiça sì ni wọ́n ń pe èèpo igi tí a fi ń ṣe é. Kò sí èyí tí ìró rẹ̀ lè di kọ́ọ̀kì nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ èèpo igi yìí ni ó gbé ìyàtọ̀ ńlá jáde láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá. Igi kan wà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Quercus suber. Ó ń hù ní Pọ́túgà, Sípéènì, Mòrókò àti Àlùjíríà. Èèpo rẹ̀ nípọn, ó fúyẹ́, omi kì í sì tètè wọ̀ ọ́. Igi náà a tó bí ọdún 25 kí wọ́n tó kọ́kọ́ bó èèpo rẹ̀, lẹ́yìn èyí wọn a máa bó o ní ọdún mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Nǹkan bí ìdajì gbogbo èyí tí ayé ń lò ni ó ń ti Pọ́túgà wá. Èèpo yìí ni cork ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ so ọ̀rọ̀ náà mọ́ èdè Sípéènì, wọ́n sì tọ ipa rẹ̀ dé èdè Látìn. Àwọn kan ní láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí èèpo ni ó ti wá, àwọn mìíràn sì ní láti ara orúkọ igi náà ni. Ìhà yòówù tí òtítọ́ ìbáà wà, orúkọ ohun tí a fi ṣe nǹkan ni ó di orúkọ nǹkan náà.

Nítorí ìdí èyí, bí a bá fi rọ́bà tàbí ike ṣe ohun tí a fi dí ìgò lẹ́nu, tí a sì ń pè é ní cork, orúkọ náà kò bá a mu mọ́, nítorí pé kò sí èèpo igi lára rẹ̀. Èdídí kì í ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ìbáà ṣe ewé, ìbáà ṣe ṣùkù àgbàdo, ìbáà ṣe rọ́bà, bí ó bá ti dí ẹnu nǹkan, èdídí ni. Ọ̀rọ̀ tí àwọn kan kà sí ti ayé àtijọ́ ni ó wá bá ayé òde òní mu jù.

Báwo wá ni kọ́ọ̀kì ṣe di orúkọ páànù pẹlẹbẹ eléyín tí ó wà lórí ìgò ọtí àti ìgò ẹlẹ́rìndòdò? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn ohun èlò náà. Ní 1892, William Painter gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí ìdérí onírin kan tí ó ṣe ní ìlú Baltimore. Etí rẹ̀ rí wínníwínní bí etí adé, ó sì tẹ́ èèpo igi náà pẹlẹbẹ sí abẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú ọtí má baà jáde. Nítorí èèpo abẹ́ rẹ̀ yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é ní crown cork. Eyín 24 ni ó ní nígbà náà. 21 ni ó ń ní lóde òní, ike sì ti gba ipò èèpo igi. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Nigerian Brewery, tí a dá sílẹ̀ ní 1946, bẹ̀rẹ̀ sí pọn ọtí Star ní Èkó ní 1949, irú ìdérí yìí bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ nílẹ̀ wa. Àwọn ọmọdé ń pa á pẹlẹbẹ, wọ́n ń lu ihò méjì sí i, wọ́n sì ń fi òwú sí i láti máa fi ṣeré. Gbogbo ènìyàn ń pè é ní kọ́ọ̀kì. Bí a bá fi ìwọ̀n tí a ti lò ní 3.0 wọ̀n ọ́n, kọ́ọ̀kì yìí kì í ṣe èdídí rárá, nítorí pé kò wọnú ìgò. Ó dé ìgò lórí ni. Ìdérí ni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé orúkọ èdídí òyìnbó ni a gbé wọ ìdérí òyìnbó, tí a sì tún fi orúkọ kan náà gbá èdídí tiwa dànù.

6.0 Àìfàmìsí àti Àdàlù Ọ̀rọ̀

Bí ọ̀rọ̀ méjì bá yàtọ̀ tó báyìí, kí ni ó dé tí wọ́n fi dàrú mọ́ra wọn? Ọ̀nà tí a gbà ń kọ Yorùbá sílẹ̀ ni ó dá èyí tí ó pọ̀ jù sílẹ̀. Láti ìgbà tí Samuel Ajayi Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tí Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, tí Bíbélì Mímọ́ sì jáde lódindi ní 1884, ìwé Yorùbá ti di púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń kà lójoojúmọ́ ni kò ní àmì ohùn tó. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, edidi ni èdídí, edidi sì ni èdìdì. Ẹni tí ó ń kà á ní láti fi òye gbé e.

Ọ̀kan nínú méjèèjì ní ilé tí ó lágbára nínú ìwé, èkejì kò ní. Èdìdì wà nínú Bíbélì, pàápàá nínú Ìwé Ìfihàn orí 5, níbi tí a ti sọ̀rọ̀ ìwé tí a fi èdìdì méje dì. Àwọn olùtumọ̀ náà yan ọ̀rọ̀ tí ó tọ́. Kíká ni a ń ká ìwé ayé ìgbà náà, a ó dì í, a ó sì fi àmì onílé sí ojú ìdì náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kà á ní láti já a. Ìwé tí a ká kò ní ẹnu tí a lè kì nǹkan bọ̀, nítorí náà èdídí kò ní ibùjókòó níbẹ̀. Lórí pẹpẹ ìwàásù àti nínú orin ìsìn, èdìdì ń dún. Èdídí ní tirẹ̀ wà nínú ahéré adẹ́mu àti nínú ṣọ́ọ̀bù alágbàtà epo. Nígbà tí ọmọ ilé ìwé bá wá rí edidi tí kò ní àmì, èyí tí ó ti gbọ́ ní ilé ìjọsìn ni yóò pè é.

Àwọn onímọ̀ ti ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe. R. C. Abraham fi àmì ohùn sí àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ ní 1958, Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ìwé lórí àkọtọ́ Yorùbá ní 1965, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò lónìí ní 1974. Àkọtọ́ wà nílẹ̀; lílò rẹ̀ ni ó kù. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ ọ̀rọ̀ sára pátákó láìfi àmì sí i, tí ó sì ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ìtumọ̀ yóò fi ara rẹ̀ hàn, òun gan-an ni ó ń ba ohun tí ó ń kọ́ni jẹ́.

7.0 Ohun tí Àdàlù yìí Lè Fà

Àwọn kan lè ní ariyanjiyan àwọn onígírámà lásán ni èyí. Ọ̀rọ̀ òògùn yóò fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà ti jìyà púpọ̀ lọ́wọ́ ayédèrú òògùn, ara ohun tí ìjọba àpapọ̀ sì torí rẹ̀ dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ ní 1993 ni láti máa bójú tó òògùn àti oúnjẹ. Ọ̀kan nínú ohun tí a ń sọ fún ará ìlú ni pé kí wọ́n wo ẹnu ìgò òògùn dáadáa kí wọ́n tó rà á. Kí ni wọn yóò wò níbẹ̀?

Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n wò ó bóyá ìdérí rẹ̀ wà níbẹ̀, ìmọ̀ràn náà kò wúlò. Ẹni tí ó bá ṣí ìgò, tí ó bu omi sí i, lè dá ìdérí rẹ̀ padà sí ipò rẹ̀. Bí a bá ní kí wọ́n wo èdídí, òmíràn lè má ní in, èyí tí ó bá sì ní in lè jẹ́ pé a ti fà á yọ, a sì ti kì í padà. Ohun tí kò ṣeé dá padà bí a bá ti já a ni èdìdì. Òun ni ẹ̀rí pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì kan ohun inú ìgò. Ìkìlọ̀ tí ó yẹ ni pé: bí èdìdì rẹ̀ bá ti já, ẹ má rà á. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó mú kí ìkìlọ̀ náà dúró. Bí olùtumọ̀ bá ṣì í kọ, tàbí tí ó kọ edidi láìfi àmì sí i, ìyá ọlọ́mọ tí ó ń ra òògùn ibà fún ọmọ rẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀.

Àwọn ohun èlò òde òní sì ti ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ kedere ju ti àtijọ́ lọ. Nínú ìgò kékeré tí òògùn abẹ́rẹ́ ń wà, rọ́bà tí abẹ́rẹ́ ń gún kọjá ni èdídí. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó di rọ́bà náà mọ́ ẹnu ìgò ni èdìdì. Lára ike omi, ohun tí a ń yí ni ìdérí. Òrùka tí ó so mọ́ ọn, tí ó ń já nígbà àkọ́kọ́ tí a bá ṣí i, ni èdìdì. Lára ìgò wáìnì, èyí tí a ń fi irin lílọ́ fà yọ ni èdídí. Bébà dídán tí a fi wé ọrùn ìgò náà ni èdìdì. Èdè tí ó bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo wọn yóò máa ṣàlàyé gígùn. Yorùbá ní mẹ́ta nílẹ̀.

8.0 Àtakò àti Ìdáhùn

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan sọ pé èdè kì í padà sẹ́yìn, pé bí àwọn ènìyàn bá ti gba kọ́ọ̀kì, kí a fi wọ́n sílẹ̀. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kọ́ọ̀kì ti di ọmọ ilé. Ó ní ohùn Yorùbá, ó ní fáwẹ́lì Yorùbá, ó sì ní iṣẹ́ kan tí kò sí ẹni tí ó ń bá a dù ú, èyí ni orúkọ páànù eléyín orí ìgò ọtí. Iṣẹ́ yìí kò ní kí a lé e jáde. Àṣejù ni yóò jẹ́ bí olùkọ́ bá ń gba máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó pe páànù yìí ní kọ́ọ̀kì. Ohun tí kò tọ́ ni kí àlejò gba yàrá tirẹ̀ tán, kí ó tún lé onílé jáde.

Àtakò kejì ni pé àwọn tí ó mọ èdídí kò pọ̀ mọ́. Bí ó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè kì í ṣòro láti jí dìde. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ dí. Ẹni tí ó mọ̀ pé imú òun dí ti mọ ìdajì ìtumọ̀ èdídí kí olùkọ́ tó la ẹnu. Èyí ni àǹfààní tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá láti inú èdè ẹni: ìtumọ̀ rẹ̀ wà lára rẹ̀.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé èdídí jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ṣẹ̀dá nípa pípe dí lẹ́ẹ̀mejì àti fífi àfòmọ́ è- kún un, pé ohun tí a kì bọ ẹnu nǹkan ni ìtumọ̀ rẹ̀, àti pé ó ti wà ní ìwúlò fún agbè àti àdó kí ìgò tó dé. Èdìdì jẹ́ ọmọ dì, ìdérí jẹ́ ọmọ dé, kọ́ọ̀kì sì jẹ́ àlejò tí ó ní ààyè tirẹ̀.

Fún olùkọ́ tí ó ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ohun èlò ìkọ́ni fún ẹ̀kọ́ yìí kò wọ́n. Kí ó mú àdó tàbí akèrègbè kékeré kan, ìgò kan tí a fi ṣùkù àgbàdo dí, ike omi tí a kò tíì ṣí àti ìkòkò onídèérí kan lọ sí kíláàsì. Kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn fà, kí wọ́n ṣí, kí wọ́n sì já. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n kọ orúkọ ohun tí wọ́n fà, èyí tí wọ́n ṣí àti èyí tí wọ́n já sára pátákó pẹ̀lú àmì ohùn lórí gbogbo wọn. Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ já èdìdì ike omi, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti yẹ, ti mọ ohun tí yóò wò nígbà tí ìyá rẹ̀ bá rán an lọ ra òògùn.